Àpò Tó Kún Kò Kọ́ni ní Gọ́ọ̀fù: Ọ̀rọ̀ lórí Ọ̀pá Àárín ní Lakowe

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó pa òwe yìí kò mọ gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí pápá gọ́ọ̀fù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò rò pé nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe pa á. Ọkọ̀ ńlá kan yóò dé, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣí, àpò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà yóò sì jáde níbẹ̀. Ọ̀pá 14 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ń dán yinrin, ọ̀rá tí wọ́n fi wé òmíràn kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ni àpò náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Nínú ọ̀pá 14 náà, bóyá ni ó lè fi mẹ́rin gbá bọ́ọ̀lù kí ó sì lọ síbi tí ojú rẹ̀ ń wò. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ó sanwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ náà sì ni ẹlòmíràn yóò gbé kọ́ èjìká yí pápá ká.

Ìlú Lakowe wà lójú títì tó lọ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn Ajah, Ṣàngótẹ̀dó, Abijo àti Awoyaya. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ Lakowe fún ará Èkó, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Lakowe Lakes, ọgbà ibùgbé tí pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 wà nínú rẹ̀. Eré tí wọ́n ń pè ní eré àwọn ọlọ́lá ní Ìkòyí nígbà kan ti wá di aládùúgbò apẹja, onímọ́tò àti ìyá aláta. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bi ìbéèrè kan tí ó jọ ìbéèrè kékeré léèrè ní gbangba: ọ̀pá mélòó ni ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ gọ́ọ̀fù gbé, àwọn wo nínú ọ̀pá àárín ni ó sì yẹ kí ó yàn?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀pá méje tó. Ẹni tó bá ń sọ fún olùbẹ̀rẹ̀ pé dandan ni kí àpò rẹ̀ kún, ọjà ni ẹni náà ń tà. Ẹni tó bá sì gbà á gbọ́, ìgbéraga ló fẹ́ rà.

Ẹni tí kò dé pápá gọ́ọ̀fù rí lè nílò àlàyé díẹ̀. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù pín sí ọ̀nà mélòó kan. Èyí tó gùn jù ni dráífà, tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà láti ibi ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni pọ́tà, tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ inú ihò. Wẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè láti tòsí, tàbí láti inú kòtò iyanrìn. Láàárín dráífà àti wẹ́ẹ̀jì ni àwọn ọ̀pá àárín wà: àwọn onírin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, láti 4 tàbí 5 títí dé 9, àti àwọn háíbírìdì tí orí wọn nípọn díẹ̀, tí wọ́n ṣe láti fi rọ́pò ọ̀pá onírin tó gùn. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ojú ọ̀pá ń dà gẹ̀rẹ̀ sí i, tí bọ́ọ̀lù ń fò ga sí i, tí kò sì ń jìnnà mọ́. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù lọ ni ó borí. Inú àwọn ọ̀pá àárín yìí ni àpò ti ń wú, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi òfin, nítorí òfin ni àwọn olówò máa ń fi bojú. Wọ́n á ní, “Ọ̀pá 14 ni òfin gọ́ọ̀fù sọ.” Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ohun tí òfin sọ ni pé ọ̀pá ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Òrùlé ni òfin náà kọ́, ilẹ̀ kọ́ ni ó tẹ́. Ẹni tó bá gbé mẹ́ta kò dẹ́ṣẹ̀; ẹni tó bá gbé ẹyọ kan kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó gbé 15 nìkan ni òfin ń mú.

Ìtàn òfin náà gan-an sì ń bá àwọn alápòó kíkún wí. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn agbágọ́ọ̀fù ńlá ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ọ̀pá jọ bí ẹni ń kó igi ìdáná. Àwọn kan ń gbé ju 20 lọ. Àwọn tó ń tọ́jú eré náà rí i pé ọgbọ́n ọwọ́ ti ń kú: dípò kí ènìyàn kọ́ bí a ti ń fi ọ̀pá kan gbá bọ́ọ̀lù ní oríṣi ọ̀nà mẹ́ta, ńṣe ni ó ń ra ọ̀pá mẹ́ta. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ USGA ní Amẹ́ríkà fi òpin sí i ní ọ̀pá 14; ẹgbẹ́ R&A ní ilẹ̀ Scotland tẹ̀ lé e ní ọdún 1939. Ọdún 1938 yẹn kan náà ni ó wà lára orúkọ Ikoyi Club 1938 ní Èkó. Nígbà náà, àwọn tó ni eré ń sọ fún ara wọn pé kí wọ́n dín ẹrù kù. Ọ̀pọ̀ àwa tó bá eré lẹ́nu ọ̀nà wá sọ òpin náà di ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹrù àfikún kò lè pa ni lára, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ian Woosnam, ọmọ ilẹ̀ Wales, ní ìdíje The Open ti ọdún 2001 ní pápá Royal Lytham. Ọjọ́ ìkẹyìn ni, òun àti àwọn mìíràn jọ wà níwájú. Ihò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n retí kí ènìyàn fi ìgbá mẹ́ta parí, méjì péré ni ó fi parí rẹ̀. Ìgbà tó dé ibi ìbẹ̀rẹ̀ ihò kejì ni kádì rẹ̀ sọ fún un pé dráífà méjì ló wà nínú àpò. Ọ̀pá wọn ti di 15. Òfin fi ìgbá méjì kún iye tirẹ̀, méjì di mẹ́rin. Nígbà tí eré parí, ipò kẹta ni òun àti àwọn mìíràn jọ wà. Ká ní kò pàdánù ìgbá méjì yẹn ni, òun nìkan ni ìbá dá wà ní ipò kejì. Ọ̀pá tí kò lò rárá ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ilé ìta-ọ̀pá lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ní ọdún 1916, Chick Evans, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ife ẹ̀yẹ U.S. Open. Ọ̀pá méje ni ó wà nínú àpò rẹ̀. Ìgbá 286 ni ó fi parí ìdíje náà, kò sì sí ẹni tó fọ́ àmì náà títí di ọdún 1936, nígbà tí àwọn mìíràn ti ń gbé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ọ̀pá rẹ̀. Ogún ọdún gbáko ni ọ̀pá méje fi ń wo ogún ọ̀pá lójú. Ní ìran tó tẹ̀ lé e, ní abúlé Pedreña ní ilẹ̀ Spain, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Seve Ballesteros fi ọ̀pá onírin 3 kan ṣoṣo kọ́ eré lórí iyanrìn etí òkun. Ọ̀pá kan náà ni ó fi ń gbá jìnnà, òun ni ó fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, òun náà ni ó fi ń yọ ọ́ nínú iyanrìn. Ọmọ náà dàgbà, ó gba ife The Open ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì gba Masters ní ẹ̀ẹ̀mejì. Etí òkun kò jìnnà sí Lakowe, iyanrìn kò sì wọ́n níbẹ̀. Ohun tó wọ́n ni àgbàlagbà tí yóò fún ọmọdé ní ọ̀pá kan, tí yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó máa gbá a.

Àwọn kan yóò ní àwọn ènìyàn àrà ọ̀tọ̀ nìyẹn, pé ọmọ ènìyàn lásán nílò ọ̀pá púpọ̀ kí àìmọ̀ rẹ̀ lè rí ibi fara pamọ́ sí. Òdì kejì ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni òótọ́. Ọ̀gá tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà kan náà ní ìgbà gbogbo ni ó lè rí ìwúlò ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pá onírin 6 àti 7. Lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ náà lè tó mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùbẹ̀rẹ̀ tí apá rẹ̀ kò tíì yára, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí lónìí, tí ó ń gbá ilẹ̀ lọ́la, ọ̀pá onírin 5, 6 àti 7 kò ní ìyàtọ̀ tó ṣe é fojú rí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, èyí tó yẹ kó jìnnà jù ni yóò já kúlẹ̀ jù, nítorí ojú ọ̀pá onírin 4 àti 5 kò dà gẹ̀rẹ̀ tó láti gbé bọ́ọ̀lù sókè fún apá tó lọ́ra. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra ọ̀pá mẹ́ta fún iṣẹ́ ọ̀pá kan.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ojú ọ̀pá onírin 7 sábà máa ń dà gẹ̀rẹ̀ tó bí i digírì 38. Lónìí, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kò ju 30 lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní 7 lónìí, ọ̀pá 5 ni àwọn baba wọn ìbá pè é. Ẹni tó fi ọ̀pá tuntun gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ìtajà yóò rí i pé bọ́ọ̀lù jìnnà ju ti àtijọ́ lọ, yóò sì rò pé ọ̀pá náà ní agbára. Nọ́ńbà ni wọ́n yí padà lára irin. Nígbà tó bá wá yá, wẹ́ẹ̀jì rẹ̀ àtijọ́ yóò jìnnà sí ọ̀pá 9 rẹ̀ tuntun, àlàfo yóò ṣí sílẹ̀, olùtajà yóò sì ní kí ó tún ra wẹ́ẹ̀jì mìíràn láti dí i. Ẹni tó gbẹ́ kòtò náà ló tún ń ta yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń dí i.

Nítorí náà, àwọn wo ni ó yẹ kí ẹni tó ń lọ sí pápá ní Lakowe yàn? Ọ̀pá àárín mẹ́ta tó fún un. Àkọ́kọ́ ni háíbírìdì 5, kí ó fi rọ́pò ọ̀pá onírin 4 àti 5 tó le fún apá tuntun. Èkejì ni ọ̀pá onírin 7, èyí tí olùkọ́ rere kan kò ní fi sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí òun ni kò gùn jù, tí kò sì kúrú jù. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá onírin 9. Kí ó fi ọ̀pá kan tó ń gbá jìnnà sí iwájú wọn, wẹ́ẹ̀jì méjì sí ẹ̀yìn wọn, àti pọ́tà. Méje péré nìyẹn, bíi ti Evans.

Ojú ọjọ́ àgbègbè náà pàápàá ń jẹ́rìí sí i. Afẹ́fẹ́ òkun kì í sinmi ní ìpẹ̀kun Lekki. Bọ́ọ̀lù tó bá fò ga, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ibi tí yóò bọ́ sí. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n tí ènìyàn nílò ni kí ó mọ bí a ti ń fi ọ̀pá onírin 7 gbá bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀: kí ó fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn díẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ó di ọ̀pá mú nísàlẹ̀ díẹ̀, kí ó má sì gbé ọwọ́ ga jù. Ọgbọ́n yìí, ọ̀pá kan ló gbà. Kò sí ilé ìtajà tó ń tà á. Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò bá ń dà, ilẹ̀ yóò rọ̀, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ kò ní yí lọ mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ yóò gbẹ, bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀, yóò sì máa sáré lọ. Ẹni tó mọ ọ̀pá rẹ̀ mẹ́ta dunjú yóò mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe nínú òjò àti nínú ọyẹ́. Ẹni tó ní mẹ́jọ tí kò mọ ìkankan, ojú ọjọ́ ni yóò máa dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti òkun kò ní ojú àánú fún irin. Ọ̀pá tí wọn kò lò, tí ó wà nínú àpò tútù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, yóò dógùn-ún kí ẹni tó ni ín tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan náà wà lọ́dọ̀ ọmọ ìyá gọ́ọ̀fù kan tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kò tíì rí. Ní ọdún 1975, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Ed Headrick ṣètò pápá Oak Grove fún eré kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju àwo ike pẹlẹbẹ sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n lára. Gọ́ọ̀fù aláwo ni. Kò sí ọ̀pá, kò sí bọ́ọ̀lù. Àwọn àwo náà pín sí mẹ́ta bí ọ̀pá gọ́ọ̀fù ti pín: ti ọ̀nà jíjìn, ti àárín, àti ti ẹnu ihò. Àwo ti ọ̀nà jíjìn ni ó máa ń wu olùbẹ̀rẹ̀, nítorí ó rò pé òun ni yóò sọ òun di akíkanjú. Ṣùgbọ́n àwo yẹn ń béèrè apá tó yára. Bí apá bá lọ́ra, ńṣe ni yóò yí sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì ṣubú. Nítorí náà ni àwọn àgbà eré náà fi máa ń sọ fún ọmọ tuntun pé: ra àwo àárín kan, ra èyí tí wọ́n ń jù sí apẹ̀rẹ̀ kan, kí o sì máa fi wọ́n ṣeré títí apá rẹ yóò fi mọ ọ̀nà. Níbi tí àwo kò ti wọ́nwó rárá ni wọ́n ti ń fúnni ní ìmọ̀ràn yìí. Mélòó mélòó wá ni gọ́ọ̀fù, tí ọ̀pá kan rẹ̀ lè gbé owó oúnjẹ ilé kan lọ?

Ọ̀rọ̀ owó yìí ni ó sọ ọ̀ràn náà di ohun tí kò ṣeé fi ṣeré. Òkè òkun ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù ti ń wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí náírà 460 lọ́dọ̀ ìjọba kọjá náírà 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Àpò ọ̀pá tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,000, tí à bá fi náírà 460,000 rà tẹ́lẹ̀, kọjá mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà nígbà náà, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Bí wọ́n bá wá ń sọ fún olùkọ́ ilé ìwé tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Ajah pé àpò kíkún ni ìwé àṣẹ ìwọlé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú láìsọ pé kí ó má wọlé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi àṣà tì máa ń le ju èyí tí wọ́n fi òfin tì lọ.

Ẹlòmíràn yóò dáhùn pé, “Owó ẹni ni ẹni ń ná. Ẹni tó bá ní, kí ó rà.” Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbówó lọ́wọ́ olówó. Ṣùgbọ́n ohun tí olówó bá sọ di àṣà ní gbangba, ẹrù rẹ̀ kì í dúró lórí òun nìkan. Ẹ wo kádì. Àpò tí ọ̀pá 14, bọ́ọ̀lù, agbòòrùn àti omi wà nínú rẹ̀ lè wúwo tó kílò 12 sí 15, ti àwọn tó fẹ́ràn àṣehàn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìn ihò 18 tó kìlómítà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú oòrùn Èkó. Ìdajì ohun tí kádì ń gbé lórí ìrìn yẹn ni ẹni tó ni àpò kò ní fọwọ́ kàn títí yóò fi wọ ọkọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá wá béèrè pé, “Ọ̀pá wo ni kí n mú?” kádì ni yóò dáhùn, nítorí kádì ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ọ̀pá kò ní ọ̀kan. Ẹni tó ní mẹ́rìnlá kò mọ̀ wọ́n. Bí èyí kò bá bí ènìyàn nínú, kí ó tún un kà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà lónìí, ẹ̀yìn àpò ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Chick Evans tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kádì ni òun náà nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ di ńlá, ó ya owó tó wọlé fún un sọ́tọ̀ láti fi rán àwọn kádì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 1930 ni àwọn àkọ́kọ́ wọlé; láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ti gba ibẹ̀ di ènìyàn. Ọkùnrin tó gbé ọ̀pá méje mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn fi owó ṣe. Ká ní gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá kọ́ gọ́ọ̀fù ní ìpẹ̀kun Lekki bá ra méje dípò 14, tí ó sì fi ìdajì owó tó kù sílẹ̀ fún ọmọ àdúgbò kan tó ń gbé àpò, èso rẹ̀ yóò hàn kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Àtakò kan kù tó yẹ ká dá lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn olùkọ́ kan gbà gbọ́ pé ó dára kí olùbẹ̀rẹ̀ ti ní gbogbo ọ̀pá lọ́wọ́, kí ó lè máa dàgbà bá wọn, kí ó má baà ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìrírí ta kò ó. Apá ènìyàn a máa yí padà láàárín ọdún kan tó fi ń kọ́ eré. Ọ̀pá tó bá a mu ní oṣù kìíní lè gùn jù fún un tàbí kí ó rọ̀ jù ní oṣù kejìlá. Ẹni tó ra 14 lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò padà rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tòkúnbọ̀ méje, ìgbà tó bá mọ ibi tí àlàfo wà nínú eré rẹ̀ ni yóò mọ ọ̀pá tó yẹ kí ó fi dí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Nígbà tó bá yá, bó bá di ọ̀gá, kí ó gbé 14 bó bá wù ú. Nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Kí àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù sọ ọ́ ní gbangba ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀pá méje tó, kí wọ́n sì kọ orúkọ méje náà sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn tó ń ta ọ̀pá máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má fi dandan dì í pọ̀ bí ẹrù ìgbéyàwó. Kí àwọn ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún ìdíje tí ọ̀pá ẹnikẹ́ni kò ní ju márùn-ún lọ, kí ọ̀gá àti kádì jọ gbá a, kí gbogbo ayé sì rí ibi tí ìmọ̀ wà. Kí àwọn tí ọ̀pá onírin 7 wọn ti ń dógùn-ún ní ilé kó o jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Lakowe, Awoyaya àti Bogije. Ọ̀pá kan, iyanrìn díẹ̀, àgbàlagbà kan tó ní sùúrù: ohun tí Ballesteros ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní pápá, tí àwọn tó ṣeré bá jókòó, kò sí ẹni tó ń ka ọ̀pá inú àpò. Iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù gba ojú irin ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Àgbẹ̀ tó ní ọkọ́ mẹ́wàá tí kò ní ebè kan, ebi ni yóò kórè. Ẹni tó fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù ní Lakowe, kí ó mú ọ̀pá onírin 7 kan, kí ó jáde lọ sínú afẹ́fẹ́ òkun, kí ó sì máa gbá a títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ní àkísà tirẹ̀.